Ẹ̀bẹ̀ fún Àmì Kan Lórí Òkúta Ilé Ẹ̀kọ́ Pinder's Mills

27, Òpópónà Larkmoor,
Woodbridge,
Ontario.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Bélú, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Àwọn Ilé Àtijọ́,
Gbọ̀ngàn Abúlé Pinder's Mills,
Toronto, Ontario.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFẸ̀SÙN LÓRÍ ÀMÌ OHÙN TÍ WỌ́N YỌ KÚRÒ LÓRÍ ÒKÚTA ILÉ Ẹ̀KỌ́ WA, ÀTI LÓRÍ ÌWÉ TÍ WỌ́N FI NÍ KÍ A KÓ JÁDE

1. Èmi ni Ìyádùnní Akíndúró, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì nílùú Ìbàdàn, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi báyìí ní Woodbridge. Èmi ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá tó ń lo ilé-ìwé àtijọ́ yín láràárọ̀ Sátidé. Mo kí yín, mo kí àwọn ará ilé yín, mo sì kí yín kú òtútù, nítorí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ wá léegun. Mo ń kọ ìwé yìí nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi kò sì dákẹ́ rí láyé mi, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ mi ti máa ń ròyìn fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn.

2. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ nítorí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀sùn lè kọ ọ́ ní èdè rẹ̀, pé ẹ ó wá ògbufọ̀. Mo dúpẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ níbẹ̀: ẹ jọ̀wọ́, kí ògbufọ̀ náà jẹ́ èèyàn ẹlẹ́ran-ara. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

3. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ yín, yàrá kan tí a háyà láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní Vaughan ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ gan-an sì ni àwọn tírélà ti máa ń fi ẹ̀yìn rìn láti já ẹrù. Ẹ̀yin náà mọ ìró tí tírélà máa ń ké bó bá ń fi ẹ̀yìn rìn. Lójú tiyín, ariwo lásán ni. Létí olùkọ́ Yorùbá, ohùn òkè ni: mí, mí, mí, mí, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Èdè wa sì rèé, ohùn mẹ́ta ló fi ń rìn: dò, re, mí. Bí ohùn bá yí, ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi kó mí lé gbogbo nǹkan lórí. Ọmọ kan dìde níwájú àwọn òbí, ó fẹ́ sọ pé bàbá òun ni ọkọ màmá òun. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé bàbá òun ni ọkọ́ màmá òun. Ọkọ́ ni irin tí àgbẹ̀ fi ń roko. Bàbá náà jókòó síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò mọ̀ pé wọ́n ti sọ òun di irinṣẹ́.

4. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé yín, mo kúnlẹ̀ kí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbẹ́ ọdún 1876 sára rẹ̀, ẹni tó bá sì ṣáájú mi dáyé, mo máa ń kí i. Bíríkì pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n wá fi bíríkì aláwọ̀ wàrà ṣe ọ̀ṣọ́ sí igun rẹ̀ àti sí orí àwọn fèrèsé, bí obìnrin tó fi léèsì gbá etí aṣọ. Wọ́n gbé fèrèsé sókè tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ń wọlé dáadáa, síbẹ̀ ọmọ tó jókòó kò lè yọjú wo ẹni tó ń kọjá. Olùkọ́ ló ya àwòrán ilé yìí, tàbí ẹni tó fẹ́ olùkọ́ níyàwó. Ẹnu ọ̀nà méjì ló ní níwájú, ọ̀kan fún àwọn ọmọkùnrin, ọ̀kan fún àwọn ọmọbìnrin. Wọ́n gbẹ́ BOYS sí àtẹ́rígbà ọ̀kan, wọ́n gbẹ́ GIRLS sí ti èkejì, ọ̀rọ̀ yìí sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ wa ju bí mo ṣe lè kà lọ. Òrùlé rẹ̀ ga gọngọ. Ilé agogo wà lórí rẹ̀, agogo sì wà nínú rẹ̀ tí ẹ ní a kò gbọ́dọ̀ lù, a kò sì lù ú.

5. Ṣùgbọ́n àjà rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Pákó ni, ó jìnnà sókè, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Bí ọmọ bá sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ohùn ọmọ náà á gòkè, á dúró díẹ̀, á sì padà wá bá a. Ọmọ á gbọ́ ara rẹ̀. Dò á jẹ́ dò, mí á jẹ́ mí. Ohun tí mo fi ọdún méjì pariwo lé lórí ní Vaughan tí kò wọlé, oṣù díẹ̀ lábẹ́ àjà yín ló tún un ṣe. Ọkọ padà di ọkọ, ọkọ́ sì padà sóko. Mo ti wá irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri àgbègbè yìí, mo wo ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mo wo gbọ̀ngàn onírọ́gì tí ń gbé ohùn ọmọ mì. N kò rí òmíràn. Bí a bá kúrò níbẹ̀, àárín àwọn tírélà la ó padà sí. Ohun tó ká mi lára nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

6. Ní oṣù Ẹ̀bìbí ọdún yìí, ìgbìmọ̀ yín ṣe ohun tó wú wa lórí. Ẹ ní níwọ̀n ìgbà tí ilé náà ti tún di ilé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹ ti ń kó àga tó kán sí i, ẹ fẹ́ fi òkúta kan sí àárín ẹnu ọ̀nà méjèèjì, kí ẹ gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí i ní èdè wa. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. A wo ilé, a sì fún yín ní orúkọ tó rọrùn jù: ILÉ Ẹ̀KỌ́. Àmì mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, gàdàgbà, mo sì fi báírò pupa yí àwọn àmì náà ká kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé eṣinṣin ló bà lé ìwé.

7. Ọ̀gbẹ́ni Prewett, alákòóso ilé yín, tó tún jẹ́ ayàwòrán-ilé, ló gba iṣẹ́ náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, n kò sì fẹ́ kí ẹ bá a wí kọjá bó ṣe yẹ. Ó gbé orúkọ náà kalẹ̀, ó rí i pé lẹ́tà mẹ́ta wà lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí ẹnu ọ̀nà kan ti wà lósì tí ọ̀kan sì wà lọ́tùn-ún. Inú rẹ̀ dùn. Ó tún wò ó, ó rí i pé àmì orí É ń gòkè, àmì orí Ẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀, àwọn méjèèjì dojú kọra láàárín, wọ́n ṣe òrùlé. Òrùlé gan-an, irú èyí tó wà lórí ilé náà. Mo gbà pé ó rẹwà. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ àmì kẹta wà lápá ọ̀tún pátápátá, òun nìkan, kò lẹ́nìkejì. Ọ̀gbẹ́ni Prewett kọ̀wé pé ó dà bí páànù tó ṣí kúrò lórí òrùlé, pé àwọn mọlémọlé ayé ìgbà náà fẹ́ràn kí ọ̀tún bá òsì mu. Ó bá yọ ọ́. Ó fi àwọn àmì ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ó ní wọ́n jọ orí ìṣó.

8. Kì í ṣe pé kò bi wá. Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí akọ̀wé wa, Ọ̀gbẹ́ni Gbóyèga, ó bèèrè bóyá ó tẹ́ wa lọ́rùn. Ọmọ dáadáa ni Gbóyèga, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, òun ló sì ń bá wa to àga láràárọ̀ Sátidé. Ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn Yorùbá ìwòyí tó ń kọ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì kankan sí i. Ó ti mọ́ ojú wọn lára láti máa ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Bí ẹ fi àmì mẹ́ta sí i, bí ẹ fi méjì sí i, bí ẹ ò fi nǹkan kan sí i, ilé ẹ̀kọ́ ni Gbóyèga máa kà. Inú subway ló wà, ó dúró, ó fi ọwọ́ kan di irin mú. Ó fèsì ní ọ̀rọ̀ méjì péré: "No wahala." Ọ́fíìsì yín rí ẹnì kan tó mọ ohun tí wahala jẹ́, wọ́n sì fi èsì náà sínú fáìlì gẹ́gẹ́ bí ìfọwọ́sí wa. Ọjọ́ náà gan-an ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

9. Nígbà tí ẹ ṣí aṣọ lójú òkúta náà ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín wà níbẹ̀. Ẹ ó rántí pé ẹ ní kí àwọn ọmọ kà á sókè fún àwọn àlejò. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí pé kí wọ́n má ka ohun tí wọ́n rò, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n rí. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì ka ohun tí wọ́n rí, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn já gaara: "Ilé ẹ̀kọ!" Ohùn ìparí dúró sí re, kò dé mí. Ẹ̀yin pàtẹ́wọ́. Àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé ayọ̀ ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ẹ sì tún pàtẹ́wọ́ sí i. Èmi dúró láàárín, inú ń bí mi, inú mi sì ń dùn, n kò mọ èyí tí ǹ bá fi hàn, nítorí ká ní Vaughan ni a ṣì wà ni, wọn kì bá tí mọ ìyàtọ̀.

10. Fún àǹfààní ẹni tí kò gbọ́ èdè wa: ẹ̀kọ́, tó ní ohùn òkè níparí, ni ohun tí olùkọ́ ń kọ́ ọmọ. Ẹ̀kọ, tí kò ní in, ni àgbàdo tí a rẹ, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tí a sì rò lórí iná títí tó fi ki, tí a ń fi àkàrà mu láàárọ̀. Oúnjẹ rere ni. Mo mu ún láàárọ̀ òní kí n tó jókòó ti ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ gbẹ́ sára ilé tí òfin dáàbò bò ni pé níbí ni a ti ń mu ògì gbígbóná, ọdún 1876 sì wà lókè rẹ̀ bí ẹni pé láti ìgbà náà ni.

11. Ẹnì kan ya àwòrán òkúta náà, ó gbé e sórí WhatsApp. Kó tó di Sátidé kejì, ìròyìn ti dé Bolton pé àwọn Yorùbá ti ṣí ilé ẹ̀kọ sí Pinder's Mills, nínú ilé oníbíríkì kan báyìí tó ní ilé agogo. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Ọ̀gbẹ́ni Hafeez, awakọ̀ tírélà, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó dá tírélà dúró sí òpópónà yín tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó gba ẹnu ọ̀nà BOYS wọlé bá wa lẹ́nu ìṣirò, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní, "Mummy, ẹ kú iṣẹ́ o. Abeg, ẹ bá mi bu ẹ̀kọ gbígbóná, and àkàrà if e still dey. Cold yìí fẹ́ pa mí." Mo ní ilé ẹ̀kọ́ nìyí. Ó ní, "Yes ma, mo ti rí signboard." Mo tún un sọ, mo gbé ohùn mí sókè bó ṣe yẹ. Ó ní kò sóhun tó ń kán òun lójú, òun á dúró kó jinná.

12. Alhaja Hàlímátù dé lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé kúlà tirẹ̀ dání, ó gba ẹnu ọ̀nà GIRLS. Ó bèèrè bóyá ewé la fi pọ́n mọ́ínmọ́ín wa tàbí agolo. Mo mú un jáde, mo fi òkúta hàn án, mo ṣàlàyé fún un pé àmì kan ló sọnù lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó wo òkúta, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀rọ̀ mark nìyẹn, Auntie. Ẹ̀kọ ńkọ́?" Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé kan tí ẹnì kan kò kanlẹ̀kùn. Mo ti fi ẹnu ara mi sọ fún àwọn àgbàlagbà tí ebi ń pa pé kí wọ́n máa lọ, ìyẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí a kọ́ mi.

13. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyókù lẹ́nu mi, kí ẹ má bàa gbọ́ ọ ní ìdajì. Nílẹ̀ wa, ẹni tó wá oúnjẹ wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ nínú òtútù, o kò lè fi àlàyé àmì ohùn dá a padà kí o sì sùn dáadáa. Arábìnrin Jọkẹ́, ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, nọ́ọ̀sì ni, àánú a sì máa tètè ṣe é. Ní Sátidé kan, ó gbé fúláàsì ẹ̀kọ ńlá wá láti ilé rẹ̀, pẹ̀lú ike àkàrà. Kò tà á. Ó ń bu ú fún wọn ní kọ́ọ̀pù níta, lábẹ́ òkúta. N kò mọ̀ sí i títí òórùn àkàrà fi gba ẹnu ọ̀nà méjèèjì wọlé tí kíláàsì sì tú mọ́ mi lórí.

14. Ọjọ́ náà gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Prewett mú olùyẹ̀wò yín wá. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni tírélà lójú ọ̀nà, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n di kọ́ọ̀pù mú, èéfín ẹ̀kọ tó ń gòkè lọ bá bíríkì yín, àti èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àkàrà lọ́wọ́. Mo gba àkàrà náà lọ́wọ́ ọmọ kan ni, mo fẹ́ kí ó wà nínú àkọsílẹ̀. Olùyẹ̀wò bi Ọ̀gbẹ́ni Hafeez bóyá ilé oúnjẹ nìyí. Hafeez kì í parọ́. Ó nawọ́ sí òkúta, ó ní, "Sir, it is written." Arábìnrin Jọkẹ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Prewett ní àkàrà kan. Ó jẹ ẹ́, ó sì gba èkejì. N kò fi ẹ̀sùn kàn án lórí ìyẹn.

15. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ni ìwé yín dé. Ó ní a ti sọ ilé àtijọ́ di ilé oúnjẹ láìgba àṣẹ, pé ooru lè ba àjà onípákó jẹ́, pé kí a kó jáde kí oṣù Ọ̀pẹ̀ tó parí. Lórí ọ̀rọ̀ ooru, ìwé pélébé tí ẹ ń pín fún àwọn àlejò sọ pé ààrò irin ńlá kan wà láàárín kíláàsì náà láyé àtijọ́, pé orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń yá ìbọ̀sẹ̀ tútù. Àjà tó fara da ìbọ̀sẹ̀ tútù gbogbo abúlé kò ní wó nítorí fúláàsì kan tó wà níta.

16. A kọ̀wé pé kí ẹ dá àmì wa padà, nítorí àìsí rẹ̀ ló fa gbogbo èyí. Ọ́fíìsì yín fún wa ní èsì méjì. Èkíní ní àwọn ti fi ọ̀rọ̀ orí òkúta náà sínú ẹ̀rọ ìtumọ̀, ẹ̀rọ sì ní Ilé Lagos ni ìtumọ̀ rẹ̀, pé àwọn kò rí ohun tó burú nínú kí a bọlá fún ìlú ńlá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin Ọ̀gá, Èkó ni Lagos ń jẹ́. Ẹ̀kọ́ kì í ṣe Èkó, Èkó kì í ṣe ẹ̀kọ, Ìbàdàn ni èmi sì ti wá. Èsì kejì ní ohunkóhun tí a bá fẹ́ fi kún iwájú ilé náà gbọ́dọ̀ kọjá lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, pé ìgbìmọ̀ kò ní jókòó lórí irú rẹ̀ títí di oṣù Okúdù, pé àmì kẹta yóò sì ba ìbámu ọ̀tún àti òsì jẹ́. Ìyẹn ni pé a ó kó jáde ní oṣù Ọ̀pẹ̀, ẹ ó wá gbọ́ ẹjọ́ wa ní Okúdù. Mo ti dàgbà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń sìnkú kí wọ́n tó pe dókítà.

17. Lórí ọ̀rọ̀ ìbámu, mo mú téèpù ìdíwọ̀n tí mo fi ń ránṣọ, mo yí ilé náà ká. Ilé agogo kò sí láàárín, apá ti àwọn ọmọkùnrin ló wà. Ẹnu ọ̀nà àwọn ọmọbìnrin kéré sí ti àwọn ọmọkùnrin, ọ̀rọ̀ tí màá bá ẹni tó kọ́ ọ sọ bí a bá pàdé lọ́run. Fèrèsé mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀fúùfù òtútù ti ń wá. Ẹni tó kọ́ ilé yìí fẹ́ràn ìbámu lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìbámu bá fẹ́ dí iṣẹ́ ilé lọ́wọ́, iṣẹ́ ilé ló yàn.

18. Èyí tó jù níbẹ̀ ni mo rí nígbà tí mo gun àga láti wọn àtẹ́rígbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ dúró lábẹ́ ẹnu ọ̀nà àwọn ọmọbìnrin, kí ẹ wòkè dáadáa. Agbẹ́kùúta ọdún 1876 gbàgbé lẹ́tà kan. GILS ló kọ́kọ́ gbẹ́. Nígbà tí wọ́n pe àkíyèsí rẹ̀ sí i, kò fọ́ òkúta, kò sì dúró de oṣù Okúdù. Ó gbẹ́ R kékeré kan sókè, láàárín I àti L, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé. R yẹn ti wà níbẹ̀ fún bí àádọ́jọ ọdún. Kò ní ẹnìkejì lórí BOYS tó bá a mu, ilé kò sì wó. Ohun tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tilẹ̀ tó R. Ìlà kékeré kan ni, tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí àwọn baba ńlá yín bá lè fi odidi lẹ́tà sórí lẹ́tà kí àwọn ọmọbìnrin wọn lè rí orúkọ ara wọn kà bó ṣe yẹ, mo rò pé àwọn ọmọ tiwa náà yẹ fún ìlà kan.

19. Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí ẹ gba ìwé ìkójáde yín padà, kí ẹ sì jẹ́ kí agbẹ́kùúta gbẹ́ àmì ohùn òkè sórí Ọ ìparí kí yìnyín tó bo gbogbo rẹ̀. Ní tiwa, Arábìnrin Jọkẹ́ ti ṣèlérí pé fúláàsì òun kò ní kọjá inú mọ́tò òun mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Hafeez ti ṣèlérí pé òun á máa gbé tírélà òun sí Bolton, òun á sì wọ bọ́ọ̀sì wá bí òun bá fẹ́ kí wa. Gbóyèga ti wọ kíláàsì àwọn ọmọ ọdún méje. Ó ń jókòó lẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ kò wọ abẹ́ tábìlì, ó ń kọ́ àmì ohùn. Ó ń gbìyànjú.

20. Bí ẹ bá sì rí i pé àmì náà kò ṣeé ṣe rárá, a jẹ́ pé kí ẹ fún wa ní ìwé àṣẹ láti máa ta ẹ̀kọ. Kò yẹ kí a gbẹ́ irọ́ sí ilé àgbà níwájú. Alhaja Hàlímátù ti gbà láti máa sè é, ó sì ní òun ní ìkòkò tó tó.

21. N kò fẹ́ fi èyí kún un, ọmọ mi ló ní kí n fi kún un. Mo ní ọmọ-ọmọ kan, Oyinkán, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bí mo bá bá a sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Bó ti rí nìyẹn láti ìgbà tó ti mọ̀rọ̀ sọ: ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé kì í sọ ọ́ ni. Mo ti gbà fún Ọlọ́run lórí rẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, àwọn yòókù ti jáde, mo ń pa iná kíláàsì. Ó dúró láàárín ilé, ó ní, "Màmá àgbà, wọ́n ní wọ́n máa lé wa kúrò nílé wa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Gbogbo ohùn rẹ̀ pé, kò ṣi ẹyọ kan. Àjà yín gbé e sókè, ó sì dá a padà fún mi. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí ó lè tún un sọ, ó sì tún un sọ. Ẹ̀yin Ọ̀gá, omi bọ́ lójú mi.

22. N kò tíì dá a lóhùn. Mo sọ fún un pé mo máa kọ̀wé sí yín, pé bí èsì bá dé, màá sọ fún un. Ìdáhùn tí mo fẹ́ fún un ni "Bẹ́ẹ̀ kọ́." Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: kọ́ ló parí rẹ̀, kò sì pé láìsí àmì orí rẹ̀. Ọwọ́ yín ni àmì náà wà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìhín.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú gbogbo àmì orí orúkọ mi,

Ìyádùnní Akíndúró,
Ọ̀gá Ilé Ẹ̀kọ́ Yorùbá Ọjọ́ Sátidé, Pinder's Mills.